Orúkọ Tó Dúró sí Ìkòròdú

Ní ọdún 2007, bí ẹ bá bi àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó léèrè pé ta ló mọ ọ̀rọ̀ íméèlì jù láàárín wọn, ẹnu kan náà ni wọn yóò fi sọ pé Ìyá Ṣìmí ni. Títílọpẹ́ Adéṣínà ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Òun ni ó ń to kọ̀m̀pútà fún ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, òun náà ni ó ń fi íméèlì sórí fóònù fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra fóònù ńlá, kì í sì í ṣe obìnrin tí ń fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Bó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ rẹ, kí o tó wá àga fún ara rẹ, ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kọ́ náà kì í yí padà. Á kọ́kọ́ béèrè pé, "Ẹ̀rọ mélòó lẹ fẹ́ máa fi wo íméèlì yín, sà?" Bí ọ̀gá bá ní ọ̀kan ṣoṣo ni, á ní kò burú, POP á tó yín. Bó bá ní méjì, ojú rẹ̀ á yí padà.

"IMAP nìyẹn, sà. Ẹ fi wé àpótí lẹ́tà ní pósọ́fíìsì. POP á ṣí àpótí, á kó gbogbo lẹ́tà tó bá níbẹ̀ sínú báàgì, á gbé e lọ sílé. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ẹ̀, òfìfo ló máa bá. IMAP ní tiẹ̀, ibi àpótí yẹn náà ló ti máa kà á, á fi í síbẹ̀ fún ẹlòmíì. Ilé ni o, ọ́fíìsì ni o, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn á máa rí."

Òótọ́ ni gbogbo ohun tó ń sọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò rò pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kò lè ṣi POP mú láéláé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Títílọpẹ́. Òun àti ọkọ rẹ̀, Mojúbàolú, ń gbé ní ẹ́sítéètì kan ní Ìkòròdú, ìdájí ló sì máa ń bá a ní Benson níbi tí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbé wọn lọ sí Èkó. Àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo ló ní, Adéòjó, tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù. Bí ọkọ̀ náà bá ti wọ agbami, fóònù kò wúlò mọ́. Ohun tí wọ́n gbà wọ́n láyè láti ṣe ni kí kálukú máa kọ íméèlì kúkurú sílé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí Títílọpẹ́ fi ṣí àpótí íméèlì kan fún gbogbo ìdílé, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ han ìyàwó Adéòjó.

Oríyọmí ni orúkọ ìyàwó náà. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ẹ̀pẹ́, inú ilé ẹbí ọkọ rẹ̀ ló sì ń gbé, lábẹ́ ojú Bàbá Ọláògún. Bàbá yìí ni àbúrò bàbá Títílọpẹ́, òun sì ni olórí ilé láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Bí lẹ́tà bá ti dé, Oríyọmí á ṣí i ní kafé tó wà nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, á lọ kà á fún Bàbá. Títílọpẹ́ náà á ti kà á ní ọ́fíìsì ní Èkó. Àpótí kan, ojú púpọ̀, kò sì sí ìjà rárá.

Nígbà tó yá, Oríyọmí bí ọmọkùnrin. Inú ilé dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú gbogbo èèyàn. Ìgbà tí Adéòjó wálé kẹ́yìn, kò pẹ́ rárá kó tó tún padà sórí omi, oyún náà kò sì yọ títí ó fi lọ. Àwọn obìnrin kan nínú agbo ilé ti ń fi ìka ka oṣù. Bàbá Ọláògún kò bá wọn kà á, ṣùgbọ́n kò lé wọn dìde. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá ọmọ ló ń kọ́kọ́ pe orúkọ. Ẹ jẹ́ kí Adéòjó fi orúkọ ránṣẹ́. Tó bá ti pè é ní ọmọ ẹ̀, gbogbo ẹnu á pa dé."

Ọjọ́ tí Oríyọmí bímọ náà ló ti ní kí wọ́n bá òun kọ̀wé sí ọkọ òun. Èsì kò tètè dé. Ẹni tó wà lórí òkun kì í ṣe ẹni tó wà ní ojúlé kejì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Mojúbàolú ra kọ̀m̀pútà tuntun wálé. Títílọpẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ó jókòó tì í kí ó lè tò ó. Ó fi íméèlì sórí rẹ̀, kí ó máa ṣí fúnra rẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá tàn, ó dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń béèrè pé POP tàbí IMAP, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró díẹ̀. Ó mọ èyí tó yẹ. Ṣùgbọ́n àpótí ìdílé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ Bàbá Ọláògún kò yé kó àdúrà tí wọ́n ní kí o fi ránṣẹ́ sí ẹni méje sínú rẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀mù ilé ń falẹ̀, iná kò sì ní ìlérí. POP á tètè kó gbogbo rẹ̀ wálé, àpótí á sì fẹ̀. "Lẹ́yìn ìkómọ ni màá yí i padà," ni ohun tó sọ fún ara rẹ̀, ó sì tẹ POP. Kò tíì dìde tí iná fi lọ. Iná náà kò dé mọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, òun náà sì gbàgbé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, kó tó kúrò ní ọ́fíìsì, ó wo àpótí náà. Kò sí nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ Adéòjó. Ní ìdájí Sátidé, bó ti wà nínú balùwẹ̀, iná dé. Mojúbàolú, tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ṣeré, tan kọ̀m̀pútà tuntun rẹ̀, ó fi mọ́dẹ́ẹ̀mù sí i, ó ka ìròyìn bọ́ọ̀lù tán, ó pa á. Kò sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Kí ni ì bá sọ? Wọ́n wọ aṣọ, wọ́n gba ọ̀nà Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún ìkómọ.

Wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, oyin, iyọ̀, obì àti omi ti wà nínú abọ́, nígbà tí Bàbá Ọláògún pè é.

"Títí, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Kí ni àbúrò ẹ wí?"

Ó sáré lọ sí kafé. Ó ṣí àpótí náà, òfìfo ni. Kódà àwọn àdúrà ẹni méje kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ibi tó yẹ kó ti fura nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ tiẹ̀ bi í pé, kọ̀m̀pútà ilé ńkọ́? Ó sì dá ọkàn rẹ̀ lóhùn pé kò sí iná nílé. Mojúbàolú ló jókòó sí ìta nílé ìkómọ yẹn, tó ń bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan péré ni ì bá bi í. Kò bi í. Àwọn àgbà ń dúró, oòrùn ń gòkè, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti íméèlì, Títílọpẹ́ kì í sọ pé mi ò mọ̀.

Ó padà dé, ó dúró láàárín èrò. "Kò sí nǹkan kan, Bàbá. Mo wò ó dáadáa. Adéòjó ò kọ nǹkan kan."

Obìnrin àgbàlagbà kan béèrè bóyá lẹ́tà náà sọnù lọ́nà ni. Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Íméèlì kì í sọnù, Mà. Tó bá kọ ọ́, màá rí i."

Oríyọmí tẹ orí ba, ó ń tún aṣọ ọmọ ṣe, bẹ́ẹ̀ aṣọ náà kò tú. Bàbá Ọláògún wo ọmọ, ó wo ìyá ọmọ, ó ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. A ti wo ilé. Adélàjà ni mo sọ ọ́, kó bá wa la ìjà ilé yìí." Kó tó pe orúkọ yẹn, kò sẹ́ni tó ń jà. Àwọn tó ń fi ìka ka oṣù wo ojú ara wọn, wọ́n ju owó sínú abọ́ omi, wọ́n ṣe àmín. Bí wọ́n ti ń pín oyin àti iyọ̀ kiri, ààyè orúkọ bàbá ọmọ wà níbẹ̀ lófìfo, kálukú sì rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Títílọpẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó fẹ́ kó fọ́tò ìkómọ sínú kọ̀m̀pútà. Ó tan ẹ̀rọ, ó ṣí íméèlì kí ó lè fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Adéòjó. Àwọn àdúrà ẹni méje ló kọ́kọ́ rí, gbogbo wọn tò lọ bẹẹrẹ. Lókè wọn ni lẹ́tà Adéòjó wà. Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló ti kọ ọ́.

"Àǹtí mi, wọ́n ní ọkùnrin ni. Mo dúpẹ́ púpọ̀. Ìtẹ́olúwa ni kí ẹ pè é. Oríyọmí ò sọ nǹkan kan fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ ilé wa, mo mọ ohun tí ẹnu á máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ dúró fún mi. Ẹ pe orúkọ náà sí i létí níwájú Bàbá, kí ẹ sọ pé ọmọ mi ni. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n máa gbà."

Ó kà á, ó tún un kà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà lóòótọ́. Ó dúró láàárín èrò, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bàbá ọmọ kò wí nǹkan kan, wọ́n sì gbà á nítorí pé òun ló sọ ọ́.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò ṣòro: kó gbé fóònù, kó pe Bàbá, kó ní ẹ̀bi mi ni. Ó gbé fóònù náà lóòótọ́, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó wá padà sídìí ẹ̀rọ. Ó pa POP rẹ́, ó fi IMAP sí i, bí ì bá ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ó mọṣẹ́, ó mọ ohun mìíràn tí IMAP lè ṣe: bí o bá mú lẹ́tà láti inú ẹ̀rọ rẹ, o lè dá a padà sínú àpótí, gbogbo ẹni tó bá ṣí àpótí náà yóò sì rí i bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Ó dá lẹ́tà náà padà. Lẹ́yìn náà ló tó pe Oríyọmí.

"Ìyàwó wa, lẹ́tà ọkọ ẹ ti wọlé o. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Lọ ṣí i."

"Ẹ ṣé, Mà," ni Oríyọmí sọ.

"Adélàjà ńkọ́?"

"Ọmọ ń sùn, Mà."

Títílọpẹ́ rò pé ó parí. Irọ́ tó fi bo àṣìṣe rẹ̀ kéré, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Bàbá Ọláògún pè é lórí fóònù.

"Títí, wọ́n ti ka ìwé Adéòjó fún mi. Orúkọ tó dé lẹ́yìn ìkómọ. Ọkùnrin tó bá mọ̀ pé ọmọ òun ni, ṣé ìgbà tí a ti kó abọ́ nílẹ̀ tán ló máa rántí? Àbí ìyàwó ẹ̀ ló lọ bẹ̀ ẹ́ kó fi ránṣẹ́?"

Ààyè ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Títílọpẹ́, tí kì í sọ pé mi ò mọ̀, ẹ wo ibi tó wá sọ ọ́ sí.

"Mi ò mọ̀, Bàbá," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rí ọkàn ti ń dà á láàmú. Bí wọ́n bá gbé fóònù wá fún un ní ọ́fíìsì, á béèrè pé ẹ̀rọ mélòó, bó bá dé ibi àpótí pósọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ á há sí i lẹ́nu. Á kàn tẹ IMAP fún olúwarẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀. Àwọn èèyàn ní bóyá ara Ìyá Ṣìmí kò yá. Ó rò ó pé kí òun kọ̀wé sí Adéòjó, kò mọ ohun tí òun yóò kọ. Oríyọmí fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí i láti ọjà Ẹ̀pẹ́, awakọ̀ kan gbé e fún un ní Benson. Mojúbàolú àti Ṣìmí jẹ ẹja náà, wọ́n lá ọwọ́. Òun kò lè fọwọ́ kàn án. Ẹni tí o bà lórúkọ jẹ́, tó tún ń fi ẹja bọ́ ẹ, ẹja rẹ̀ ní egungun ju ti gbogbo ẹja lọ. Nígbàkúùgbà tó bá sì béèrè Adélàjà lórí fóònù, ohun kan náà ni Oríyọmí ń sọ: ọmọ ń sùn, ọmọ ń mu ọmú, ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ, ọmọ. Títílọpẹ́ gbọ́ ọ, kò wádìí.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ ọmọ ń bọ̀, tí wọn yóò gbé e jáde, ó mọ̀ pé bí òun bá tún lọ sí Ẹ̀pẹ́ tí òun jẹ ìrẹsì, tí òun ya fọ́tò, tí òun padà wálé, òun kò ní lè wo ojú ara òun nínú dígí mọ́. Kò sọ ọ́ fún Mojúbàolú nínú ọkọ̀. Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, agbára tí òun yóò fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kò ní sí.

Wọ́n bá Bàbá Ọláògún ní pálọ̀ pẹ̀lú àwọn àgbà ilé. Àwọn obìnrin agbo ilé dúró sí ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń fi ìka ka oṣù wà lára wọn. Oríyọmí jókòó sí igun, ọmọ wà ní itan rẹ̀. Títílọpẹ́ kúnlẹ̀ ní àárín ilé kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní àga.

"Bàbá, lẹ́tà Adéòjó ò pẹ́. Alẹ́ Jímọ̀, kí ilẹ̀ ìkómọ tó mọ́, ló ti kọ ọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Kọ̀m̀pútà ilé mi ló kó o kúrò nínú àpótí, torí bí mo ṣe tò ó nìyẹn, mo sì mọ̀ pé kò yẹ kí n tò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dìde níbí tí mo ní kò kọ nǹkan kan, lẹ́tà yẹn ti wà nílé mi ní Ìkòròdú."

Mojúbàolú gbé orí sókè. "Èmi ni mo tan kọ̀m̀pútà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

"Mo mọ̀, Bàbá Ṣìmí. Mi ò bi yín ni."

Bàbá Ọláògún bi í pé, "Nígbà tó o sọ pé kò kọ, ṣó o mọ̀ pé ó kọ?"

"Rárá, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí mo lè fi mọ̀, mi ò wá a. Ìgbà tí mo wá mọ̀, mo parọ́. Mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹ tún bi mí lórí fóònù, mo tún parọ́. Ìyàwó wa ò bẹ ẹnikẹ́ni."

Omijé ti ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Bàbá Ọláògún ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà níbi tí àwọn obìnrin wà. "Ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ ò gbọ́?" Ó tún yíjú sí igun ilé. "Ìyàwó, a ṣẹ̀ ẹ́. Èmi gan-an ṣẹ̀ ẹ́. Orúkọ tí mo fún ọmọ yẹn, mi ò fún un pẹ̀lú ọkàn mímọ́."

Oríyọmí kò sunkún. Ó fa ìwé kan tó ti ká mọ́ra yọ lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ. Lẹ́tà Adéòjó ni, tó tẹ̀ jáde ní kafé ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìkómọ.

"Mo ti mọ̀, Àǹtí," ló wí. "Ọjọ́ tó kọ ọ́ wà lórí ẹ̀. Alẹ́ Jímọ̀ ló wà níbẹ̀."

Títílọpẹ́ wo ìwé náà. Lẹ́tà tí o bá dá padà sínú àpótí, tòun ti ọjọ́ rẹ̀ ló ń padà. Òun tó ń kọ́ gbogbo èèyàn, kò rántí ìyẹn.

"Kí ló dé tó ò fi hàn wọ́n?"

"Ọ́fíìsì tó ní kọ̀m̀pútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Mà. Wọ́n á ní èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu yín ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé yìí, ẹnu yín náà ló lè gbé e jáde." Ó dìde, ó rìn wá sí àárín ilé, ó gbé ọmọ náà lé Títílọpẹ́ lọ́wọ́ lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. "Ọkọ mi ní ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ pè é sí i létí. Láti ìkómọ, mi ò tíì pe ọmọ yìí lórúkọ kankan. Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè."

Ọmọ náà lajú, ó ń wò ó. Títílọpẹ́ gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀. Ìtẹ́olúwa ni ó pè é, gbogbo ilé sì gbọ́.